Ẹ Má Fi Oòrùn Wọn Omi Òkun

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, àsìkò tí ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun ti tún dé. Southend, Margate, Brighton, Camber Sands, ibi tí a máa ń lọ náà nìyẹn. Kúlà ìrẹsì á wà lẹ́yìn ọkọ̀, adìyẹ díndín á wà nínú fọ́ìlì, àwọn ọmọdé á ti wọ ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ láti ilé. Ìgbádùn tó dára ni, n kò sì wá bà á jẹ́. Ohun tí mo bá wá ni gbólóhùn kan tí ẹ ó gbọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dúró tán: "Oòrùn yìí mú, omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́." Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ o.

Bí a bá pín in dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, omi òkun tó yí Britain àti Ireland ká kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 12 Celsius lọ. Ti Èkó sábà máa ń ju 25 lọ. Òkun tún ní ìwà kan tí ilẹ̀ kò ní: ó ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó tutù. Nítorí náà, kì í ṣe oṣù kejìlá ni omi ń tutù jù níbí, nǹkan bí oṣù kẹta ni. Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ló sì ń sàn jù. Ẹ wá wò ó. Àsìkò Àjíǹde àti àwọn ọjọ́ ìsinmi oṣù karùn-ún ni oòrùn gidi máa ń kọ́kọ́ yọ sí wa, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin á bọ́ ẹ̀wù sọ nù, tí wọ́n á sáré wọnú omi. Òtútù tí òkun kó jọ láti ìgbà yìnyín kò tíì jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

RNLI, ẹgbẹ́ aláàánú tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gba ẹ̀mí là láti ọdún 1824, kìlọ̀ pé bí omi bá ti wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 15, ó lè dá ara ènìyàn níjì débi pé yóò pa á. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni náà fò sínú omi. Awọ ara rẹ̀ sún kì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ là, ó fa èémí ńlá kan sínú láìrò ó tẹ́lẹ̀. Kò sí bó ṣe lè dá èémí yẹn dúró. Ara ló fà á, kì í ṣe òun. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ló fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí orí rẹ̀ bá sì wà lókè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rù á bà á, á máa fi tọwọ́ tẹsẹ̀ lu omi. Lábẹ́ awọ, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ti fún pọ̀, ìfúnpá ti ròkè, ọkàn ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí. Kí ẹ kàn ki ẹsẹ̀ bọ omi, kí ẹ ya fọ́tò, ó tó.

Gordon Giesbrecht, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Canada tó ti ri ara rẹ̀ bọ omi dídì lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìwádìí, fi ìṣirò kan lélẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùdarí ìjáde ìjọ mọ̀ sórí: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú 1 lẹ ní láti fi kápá èémí yín. Ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣì fi máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, kí òtútù tó sọ wọ́n di igi. Wákàtí 1 ni ó máa ń tó kí òtútù tó gba inú ara débi tí ènìyàn yóò dákú. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wákàtí yẹn ni ikú wà. Rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omi ń gbé lọ kì í dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń mú wọn.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọmọ Ìlàjẹ tó ń wa ọkọ̀ kó tó mọ ìwé kà, tó ń bọ́ sínú òkun Ayétòrò bí ẹni ń wọ yàrá, inú omi gbígbóná ló ti kọ́ ohun tó mọ̀. Nínú omi tútù, ìmọ̀ yẹn kò lè jẹ́ iṣẹ́ kankan títí èémí rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Ní tàwa yòókù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò mọ odò wẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ irun ni fún àwọn kan, ìtìjú ni fún àwọn mìíràn, àwọn kan sì gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ níbí ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé, ẹgbẹ́ Black Swimming Association sì wà nítorí àwọn bíi tiwa gan-an. Wíìgì tó bá ṣí lójú omi, ẹ ó ra òmíràn.

Bí ẹ bá wá ṣèèṣì bọ́ sínú omi náà ńkọ́? Ẹ má wẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lòdì sí gbogbo ohun tí ara ń sọ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ jẹ́ kí omi bo etí yín méjèèjì, ẹ máa fi ọwọ́ rọra wa omi lábẹ́ ara. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì díẹ̀, kò burú. Afẹ́fẹ́ tó há sínú aṣọ pàápàá á máa gbé yín ró ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, èémí á rọlẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ké, kí ẹ na ọwọ́ sókè, tàbí kí ẹ wẹ̀ bí ilẹ̀ bá súnmọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ fi èyí dánra wò nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ bọ́ọ̀sì tó pé. Ó sàn ju wákàtí kan ìwàásù lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìjì, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ wà jù. Gbogbo wa mọ ìkìlọ̀ aláwọ̀ tí Met Office máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù: yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, pupa. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti tún ń fún ìjì ní orúkọ, débi pé a ń sọ pé "Eunice ń bọ̀" bí ẹni ń dárúkọ àbúrò ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe àwọn àwọ̀ yẹn: bóyá igi yóò wó, bóyá rélùwéè yóò dúró, bóyá páànù yóò ṣí. Ìkìlọ̀ àwọn tó wà lójú omi yàtọ̀. Ìgbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá máa dé ipá 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort ni wọ́n ń gbé ìkìlọ̀ ìjì jáde fún òkun. Ipá 8 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 63 sí 74 ní wákàtí kan. Lórí ilẹ̀, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ni yóò máa já, ẹ ó sì di fìlà yín mú. Lójú agbami, ìgbì tó ga ju mítà márùn-ún lọ ni. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí òkun wà lábẹ́ ìkìlọ̀ ìjì kí àwọ̀ kankan má sì hàn lórí fóònù yín. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "fóònù mi kò sọ nǹkan kan" kò tíì béèrè lọ́wọ́ òkun.

Fún ọkọ̀ kékeré tí a háyà láti fi pẹja, ipá 8 pàápàá ti jìnnà jù. Láti ipá 6 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ afẹ́fẹ́ líle fún omi ẹ̀bá ilẹ̀, ìyẹn omi tí kò ju máìlì òkun 12 lọ sí etíkun. Ẹ wo ojú ewé Met Office tó wà fún omi ẹ̀bá ilẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń sọ bóyá kí ẹ sá aṣọ. Lórí BBC Radio 4, ẹ ó gbọ́ ọ tí wọ́n ń ka àwọn agbègbè òkun 31 lọ́kọ̀ọ̀kan, Viking, Dogger, Humber, Thames, Dover, pẹ̀lú ohùn tútù kan tó lè mú ènìyàn sùn lọ. Ẹ má sùn. Bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀ "imminent", kò ní ju wákàtí mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá ní "soon", ó wà láàárín wákàtí mẹ́fà sí 12. "Later" ni ohun tó kọjá ìyẹn. Àwọn tó ń kà á kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Àkókò ni wọ́n ń wọ̀n fún yín.

Ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ra ètò ìkìlọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá 1859, ọkọ̀ Royal Charter tó ń gbé àwọn awakùsà wúrà bọ̀ láti Australia fọ́ sí etí òkun Anglesey ní Wales nínú ìjì líle. Nǹkan bí 450 ènìyàn ló kú, Liverpool tí wọ́n ń lọ kò sì jìnnà mọ́. Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tó gbé Charles Darwin yí ayé ká, ló wà nídìí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba nígbà náà. Ó ní bí wáyà tẹligíráàfù bá lè sáré ju ìjì lọ, kí ló dé tí a kò fi lè sọ fún èbúté kí ìjì tó dé? Ní oṣù kejì 1861, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n ń fa àmì onígun mẹ́ta àti àmì bí ìlù sókè lórí òpó ní èbúté, kí apẹja tí kò mọ̀wé náà lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Orúkọ FitzRoy wà lára àwọn agbègbè òkun 31 náà lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìgbà òtútù nìkan ni ìjì ń jà. Oṣù kẹjọ 1979 ni ìdíje ọkọ̀ Fastnet, ọkọ̀ 303 sì ló jáde. Ìjì tó dé ipá 10 bá wọn láàárín Ireland àti Cornwall, ó sì pa 15 nínú àwọn tó ń díje. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ rántí. Ọkọ̀ 24 ni àwọn èrò inú wọn sá kúrò. Márùn-ún péré ló rì, wọ́n rí 19 yòókù lójú omi lẹ́yìn náà. Bí ọkọ̀ yín bá dojú dé, ẹ dì í mú. Ọkọ̀ tó léfòó tóbi ju orí ènìyàn lọ, ó sì yá láti rí láti inú hẹlikópítà. Life jacket sì rèé: ara ni à ń wọ̀ ọ́ sí. Èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ fa okùn rẹ̀ tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá kó le dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ bá bọ́ sómi, yóò sún sókè bò yín lójú.

Afẹ́fẹ́ tó ń ba àwọn apẹja lẹ́rù kọ́ ló ń gbé ọmọ lọ ní etíkun. Afẹ́fẹ́ tó bá ń ti òkun bọ̀ ń ru ìgbì sókè, ẹ̀rù á ba gbogbo ènìyàn, wọn kò ní wọlé. Èyí tó ń ti ilẹ̀ lọ sókun ni ọ̀dàlẹ̀. Ó ń tẹ́ omi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, omi á mọ́ gaara, àwọn ìyá á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré, omi ò ru." Ọmọ á gun rọ́bà aláfẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ya bí ẹyẹ tàbí bí ọ̀nì, tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Rọ́bà náà kò wúwo, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́. Kí ẹ tó yípo gbé abọ́ ìrẹsì, ó ti kọjá ibi tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà dé. Bí ẹ bá rí àpò gígùn aláwọ̀ ọsàn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí òpó ní etíkun, ìkìlọ̀ ni: kí rọ́bà kankan má wọ omi. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má tilẹ̀ kúrò nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé ọmọ lọ, ẹ ké sí i kó di rọ́bà náà mú, kó má fò bọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ pe 999.

Òkun tún ń kún, ó sì ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní Southend, ó ń fà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ afárá ìgbafẹ́ ibẹ̀ ju máìlì kan lọ wọnú òkun kí ọkọ̀ tó lè rí omi gúnlẹ̀ sí. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ẹ rí láàárọ̀ kì í ṣe pápá. Bí omi bá ń padà, inú àwọn kòtò ló ń kọ́kọ́ gbà, nítorí náà ó lè ti wà lẹ́yìn yín kí ẹ tó rí i níwájú. Àkókò tí ẹ lò lánàá kò wúlò lónìí, nítorí nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ló fi ń sún síwájú lójoojúmọ́. Àwọn ìjọ tó ń lọ gbàdúrà ní erékùṣù Lindisfarne, ẹ ka pátákó àkókò tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wakọ̀ kọjá. Ọdọọdún ni omi ń ká mọ́tò mọ́ ojú ọ̀nà yẹn. Mósè nìkan la gbọ́ pé òkun pín fún. Ní Morecambe Bay, ní oṣù kejì 2004, òkun kún bá àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà tó ń ṣa ìṣáwùrú nínú òkùnkùn, ó kéré tán 21 ló kú. Àjèjì bíi tiwa ni wọ́n, ọ̀gá ló rán wọn níṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sórí iyanrìn bẹ́ẹ̀ láìsọ àkókò omi fún un, kó má lọ.

Ní ti àsíá: láàárín pupa-àti-yẹ́lò méjì ni kí ẹ ti lúwẹ̀ẹ́, nítorí ẹ̀ṣọ́ ń wo ibẹ̀. Pupa nìkan túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Dúdú-àti-funfun wà fún àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì. Bí kò bá sí àsíá, kò sí ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ márùn-ún kúrò ní London lọ sí Camber Sands ní oṣù kẹjọ 2016, ọjọ́ oòrùn ni, kò sí ẹ̀ṣọ́ ní etíkun náà nígbà yẹn. Kò sí èyí tó padà nínú wọn. Lẹ́yìn ikú wọn ni wọ́n tó fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀.

Àwọn tó ń gbé ìlú etíkun nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó jẹ́ pé ẹ̀bá òkun ni wọ́n ń gbà dé ibi iṣẹ́ lóru, ọ̀rọ̀ tiyín kúrú: bí ìjì bá ń jà, ẹ gba ọ̀nà inú ìlú. Nígbà ìjì Eunice, ní oṣù kejì 2022, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ kọjá ní Needles ní Isle of Wight dé máìlì 122 ní wákàtí kan. Ìgbì tó bá fo ògiri kì í kàn lu ènìyàn nìkan, ó ń fà á padà pẹ̀lú ara rẹ̀. Fídíò TikTok kò tó nǹkan tí à ń dúró gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá fà jáde kò tíì bọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ má ṣe gbé e dúró, nítorí ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò, ẹ fi èyí tó gbẹ wé e, ẹ bo orí rẹ̀. Ẹ má fún un ní ọtí, ẹ má gbé e sínú omi gbígbóná, ẹ má fi ọwọ́ ra ara rẹ̀. Mo mọ̀ wá. A ó ti máa wá Robb àti Aboniki. Kì í ṣe ọjọ́ wọn.

Ní oṣù kẹrin 2021, ọmọ wa kan, ẹni 20 ọdún, fò sínú odò Thames lóru ní London Bridge láti gba obìnrin kan tó jábọ́ sínú omi. Wọ́n yọ obìnrin náà láàyè, wọ́n yọ ọkùnrin kejì tó fò wọlé pẹ̀lú rẹ̀; òun ni kò yè é. Akọni ni, kò sì sí ẹni tó lè gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, mò ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ má fò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ wá táyà ìgbẹ̀mílà tí wọ́n so mọ́ etí omi, ẹ jù ú sí i, ẹ pariwo kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ 999. Coastguard ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ọlọ́pàá, yálà òkun ni tàbí Thames láti ẹnu òkun títí dé Teddington. Ìpè náà kò gba owó, ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kò gba owó, wọn kì í sì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tó ń rì kí wọ́n tó nawọ́ sí i. Ẹ tètè pè wọ́n.